Ìròmi Ń Jó, Onílù Ń Bẹ Nísàlẹ̀ Odò

Àwọn àgbà a máa sọ pé ìròmi tí ń jó lójú omi, onílù rẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀ odò. Ẹni tí ó bá jókòó ti tẹlifíṣàn rẹ̀, tí ó ń wo àwọn ọmọbìnrin tí ń dánrawò láti di oníjó amóríyá fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Dallas Cowboys ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, yóò rí ìròmi náà dáadáa. Yóò rí bàtà funfun, yóò rí ìràwọ̀ ara aṣọ, yóò rí ẹ̀rín tí kì í kúrò lẹ́nu. Onílù ni ó máa ń pẹ́ kí a tó rí.

Àwọn oníjó wọ̀nyí kì í ṣe ará àná. Ọdún 1972 ni wọ́n kọ́kọ́ jáde nínú irú aṣọ tí ayé fi mọ̀ wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni láti máa jó létí pápá nígbà tí àwọn ọkùnrin bá ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí a ń fi ọwọ́ gbé sáré, kí orí àwọn òǹwòran lè máa yá. Láti ọdún 2006 ni ilé iṣẹ́ CMT ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi bí a ṣe ń yàn wọ́n hàn lórí tẹlifíṣàn nínú ètò Making the Team, èyí tí ó tó ọ̀wọ́ 16 kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ní ọdún 2024, Netflix gbé tirẹ̀ jáde, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní America's Sweethearts. Ìgbà náà ni òkìkí wọn wá kàn dé ibi tí wọn kò ti mọ irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọbìnrin ni ó ń du àyè náà, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí 36 péré ni wọn yóò mú níkẹyìn. Ẹni tí ó jó lọ́dún tí ó kọjá pàápàá kò lè fọkàn balẹ̀, nítorí dandan ni kí ó padà wá dánrawò lọ́dọọdún. Wọn yóò jó, wọn yóò fò sókè, wọn yóò sì ya ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ gbalaja. Wọn yóò dáhùn ìbéèrè lórí ìtàn ẹgbẹ́ náà àti lórí ohun tí ń lọ láyé. Lẹ́yìn èyí ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yóò bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ Kelli Finglass, tí òun náà jẹ́ oníjó níbẹ̀ láti 1984 sí 1989, tí ó sì ti ń darí wọn láti 1991. Bí ó bá ti pe ẹnìkan wọ ọ́fíìsì, àyà gbogbo wọn yóò já, nítorí ẹkún ni ọ̀pọ̀ ń sun jáde níbẹ̀.

Ohun tí irú ètò yìí ń ṣe fún òǹwòran ni pé kì í pẹ́ tí òun náà fi ń di adájọ́. Ẹni tí kò jó rí láyé rẹ̀ yóò fẹ̀yìn ti àga, yóò ní ẹsẹ̀ ọmọ yìí kò ga tó, ti ọ̀hún sì ti sanra jù. Yóò bá ẹni tí ó yege yọ̀, yóò bá ẹni tí wọ́n lé kẹ́dùn. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí kì í wá sí i lọ́kàn ni èyí: èló ni wọ́n ń san fún ẹni tí ó yege?

Nílẹ̀ Yorùbá, bí ijó oníjó bá wu ni, iwájú orí rẹ̀ ni à ń lẹ owó mọ́. Ti Dallas kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2018, oníjó kan tí ó ti kúrò níbẹ̀ pe ẹgbẹ́ náà lẹ́jọ́ lórí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹni tí ń gbé agọ̀ Rowdy láti pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín ń gba nǹkan bí dọ́là 65,000 lọ́dún, nígbà tí owó tirẹ̀ kò tó nǹkan. Wọ́n yanjú ẹjọ́ náà ní ọdún 2019. Nínú ètò Netflix, ọ̀kan nínú wọn fi owó tí ó gbà wé ti ẹni tí ń ta oúnjẹ nílé àyárajẹ. Àwọn kan jẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn kan jẹ́ olùkọ́. Bí wọ́n bá ti iṣẹ́ oòjọ́ dé, ijó ló kàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọ̀kan tí ó fẹ̀yìn tì, ilé ìwòsàn ló gbà lọ, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ìbàdí. Bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ tí Jerry Jones fi nǹkan bí mílíọ̀nù 140 dọ́là rà ní ọdún 1989, ìwé ìròyìn Forbes ti díye lé e ní ohun tí ó ju bílíọ̀nù 10 dọ́là lọ ní ọdún 2024.

Charlotte Jones, ọmọ rẹ̀ tí ó wà lára àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, kò jiyàn. Ó gbà pé owó wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní kì í ṣe owó ni wọ́n bá wá, ohun tí ó ju owó lọ ni. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ náà fẹ́ràn ijó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń lálàá ọjọ́ náà láti kékeré. Ṣùgbọ́n onílé kì í gba iyì dípò owó ilé. Onílù tí à ń wá kò sì jìnnà. Èrò tí ń tò lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tí òǹwòran rò pé àwọn ni wọ́n mú eré dùn, àwọn náà ni wọ́n ń pa àwọn tí ó wà nínú ilé lẹ́nu mọ́. Ta ni yóò bèèrè àfikún, nígbà tí ó mọ̀ pé ọgọ́rùn-ún ẹlòmíràn ṣe tán láti jó lọ́fẹ̀ẹ́, tí òun fúnra rẹ̀ yóò sì tún tò lórí ìlà lọ́dún tí ń bọ̀?

Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ní ọdún 2014, àwọn oníjó Oakland Raiders ní California pe ẹgbẹ́ wọn lẹ́jọ́, wọ́n sì gba dọ́là 1,250,000 láti fi yanjú rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ìpínlẹ̀ náà ṣòfin pé òṣìṣẹ́ gidi ni irú wọn. Ó wá kan Dallas. Nínú ọ̀wọ́ kejì ètò Netflix, tí ó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2025, kámẹ́rà tí ń ya ijó náà ló ya àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí níbi tí wọ́n ti ń jíròrò lórí ìwé àdéhùn wọn, tí àwọn kan tilẹ̀ ń ronú àtidá iṣẹ́ sílẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí ètò náà tó parí, wọ́n ti fi nǹkan bí ìdá 400 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn: ẹni tí ń gba dọ́là kan yóò máa gba márùn-ún.

Àwọn kan nínú àwọn tí ó ṣíwájú ìjà náà ti kúrò kí owó tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò jẹ ẹ́. Wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó la ẹnu.

Kì í ṣe Texas nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Nílé níbí náà, àwọn ọ̀dọ́ tí ń jó lẹ́yìn olórin àti àwọn tí ń ṣeré nínú fíìmù ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ pé kí wọ́n wá ṣe é kí ayé lè mọ̀ wọ́n. Ìmọ̀ yẹn dára, ṣùgbọ́n ọjà kò gbà á. Ẹni tí ó bá tún jókòó ti irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, kí ó máa wo ẹsẹ̀ oníjó bí ó ti wù ú. Bí ó bá wò ó tán, kí ó bèèrè ohun tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́.