Orúkọ ni Kọ́kọ́rọ́ Àkọsílẹ̀: Akọtọ́ Yorùbá àti Ìtò Fáìlì Inú Kọ̀ǹpútà

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Bí a bá fẹ́ dá ọmọ kan dúró láàrin èrò, orúkọ rẹ̀ ni a ó pè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí nínú kọ̀ǹpútà. Ohun tí ẹ̀rọ fi ń fa àkọsílẹ̀ ẹnì kan yọ láàrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni a lè pè ní kọ́kọ́rọ́ àkọsílẹ̀. Èrò mi ni pé àìbìkítà wa sí akọtọ́ ń ba kọ́kọ́rọ́ yìí jẹ́, àti pé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ló yẹ kó ṣíwájú àtúnṣe rẹ̀.

Bí a ṣe ń to àkọsílẹ̀

Ìkànìyàn ọdún 1962 sí 1963 ni a sábà ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó gbé kọ̀ǹpútà wọ Nàìjíríà. Àwọn kọ̀ǹpútà ràgàjì tí a mọ̀ sí mainframe ló wà nígbà náà. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sábà ń gbà to àkọsílẹ̀ inú fáìlì. Èkíní ni ìtò tẹ̀lé-n-tẹ̀lé: ẹ̀rọ yóò kà á láti òkè kó tó kan èyí tí a ń wá, bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ inú rẹ́jísítà. Èkejì ni ìtò alátọ́ka: ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ wo atọ́ka, bí a ṣe ń wo ti ẹ̀yìn ìwé, kó tó ṣí ojú ewé tó yẹ. Ẹ̀kẹta ni ìtò tààrà: kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀ ló ń tọ́ka ibi tí àkọsílẹ̀ wà.

Ẹ̀kẹta yìí kò ṣàjèjì sí wa. Babaláwo tó dá Ifá kì í ka Odù láti Ogbè Méjì títí dé Òfún Méjì kó tó mọ èyí tó jáde. Àmì ojú ọpọ́n ló ń gbé e lọ tààrà sí Odù tí yóò kì. Ipò mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ oókan tàbí eéjì, ló bí Odù 256. Ipò mẹ́jọ náà ló wà nínú báìtì kan nínú System/360 tí ilé-iṣẹ́ IBM kéde ní 1964, iye àmì tí báìtì bẹ́ẹ̀ lè gbà sì jẹ́ 256.

Ibi tí ìṣòro wà

Pẹ̀lú gbogbo àyè 256 náà, àwọn tó ṣètò rẹ̀ kò rántí ẹ, ọ àti ṣ. Ṣéènì tí a sábà ń lò nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé IBM 1403, tó jáde ní 1959, kò ní ju àmì 48 lọ. Ẹni tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lè pàṣẹ pé kí àbájáde jẹ́ ẹ̀dà mẹ́ta, tàbí kí ó dúró de àṣẹ kó tó jáde. Kò lè pàṣẹ pé kí àmì tí kò sí lórí ṣéènì jáde. Nítorí náà, ìlú Ọ̀wọ̀ àti owó tí a ń ná di OWO kan náà.

Àṣà yìí kò bá àwọn ẹ̀rọ náà lọ. Ẹnì kan ń kọ Ṣọlá ní Sola, ẹlòmíràn ń kọ ọ́ ní Shola. Nínú fáìlì tí a tò ní A, B, D, gbogbo Sikiru àti Simisola ni yóò dúró láàrin àwọn méjèèjì. Bí ìwé ẹ̀rí olùkọ́ bá sọ Shola, tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ sọ Sola, ènìyàn méjì ni ẹ̀rọ rí. Olùkọ́ tó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́mọ lè wá máa ti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, kí ó búra ní kóòtù pé òun ni òun, kí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tó jáde.

Ṣé nọ́ńbà kò tó?

Àwọn kan yóò sọ pé nọ́ńbà ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Òótọ́ wà níbẹ̀: àìmọye ènìyàn ló ń jẹ́ Adéwálé, nọ́ńbà ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. BVN tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014 àti NIN, oní-11 ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ọ́fíìsì méjì bá fẹ́ fi fáìlì wọn wé ara wọn, orúkọ ni wọ́n tún ń yẹ̀ wò. Fáìlì àtijọ́ kò sì ní nọ́ńbà wọ̀nyí.

Ẹ wo yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní 1982. Ó di Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1985. Lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, ó di Yunifásítì Adó-Èkìtì. Ní 2011, ó di Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ẹni tó ń wá ìwé ẹ̀rí àtijọ́ níbẹ̀ nílò atọ́ka tó so orúkọ wọ̀nyí pọ̀.

Ohun tó yẹ kí a ṣe

Lóde òní, Unicode ti fi àyè gba ẹ, ọ àti ṣ. Àwáwí pé ẹ̀rọ kò ní wọn ti parí. Ìfohùnṣọ̀kan ló kù. Ẹnì kan ń fi àmì tó-tó sábẹ́ ọ, ẹlòmíràn ń fi ìlà kékeré síbẹ̀. Ojú wa kà wọ́n sí ọ̀kan, ẹ̀rọ kà wọ́n sí méjì, ẹni tó bá wá èyí kò ní rí tọ̀hún.

Mo dá àbá mẹ́ta. Lákọ̀ọ́kọ́, kí rẹ́jísítà ẹ̀ka wa ní orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ní akọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní 1974, kí nọ́ńbà rẹ̀ àti bí a ṣe kọ orúkọ náà sórí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, kí títẹ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà di ara ẹ̀kọ́ ìlànà ìkọ́ni, ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣa ọ̀rọ̀ Èkìtì jọ sì mọ̀ pé ulé àti ilé nílò atọ́ka tó so wọ́n pọ̀, nítorí U jìnnà sí I. Lẹ́ẹ̀kẹta, Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ẹ jẹ́ kí a ṣe irú rẹ̀ fún ìmọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ìgúnlẹ̀

Ẹ̀rọ kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Ṣọlá. Ohun tí a bá tẹ̀ fún un ló mọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ọwọ́ wa ni orúkọ àwọn ọmọ ń kọ́kọ́ gbà wọ inú ìwé. Bí a bá kọ ọ́ tọ́ láti kíláàsì, ìyà olùkọ́ tó ń búra nítorí orúkọ ara rẹ̀ yóò dínkù.