Omi àti Tòmátì ní Etí Òkun Àgbádárìgì

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ní etí òkun Àgbádárìgì ni pé tòmátì kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ oníyanrìn, àti pé Òkè Ọya ni a ti ń kó o wá. Ohun tí ojú wọn ń rí ni ó fa èrò yìí. Yanrìn kì í gba omi dúró. Omi tí a bù sí i ní òwúrọ̀ ti lè gbẹ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ṣùgbọ́n gbígbára lé Òkè Ọya nìkan léwu. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, nígbà tí kòkòrò kan tí ń jẹ́ Tuta absoluta run oko tòmátì ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, ìjọba ibẹ̀ kéde ipò pàjáwìrì, tòmátì sì gbówó lórí dé ọjà Èkó. Ìdílé tí ó ní igi tòmátì mẹ́rin tàbí márùn-ún ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ nígbà náà ìbá rí díẹ̀ fi se ọbẹ̀.

Àwọn tí ń gbin ẹ̀fọ́ lórí yanrìn etí òkun ní Kútọnu àti ní Lómé a máa fi agolo ìbomirin gbé omi kiri ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n fi ń jẹun. Ọmọ ilé-ìwé tàbí ìyá tí ń lọ sí ọjà kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ìkòkò tí ń fún ara rẹ̀ lómi ni ó bá irú wọn mu. Korobá méjì ni a fi ń ṣe é: a ó ki ọ̀kan bọ inú èkejì, kí àyè omi lè wà ní ìsàlẹ̀. A ó lu ihò sí ìdí korobá òkè, a ó sì fi ife kékeré oníhò tí ilẹ̀ kún inú rẹ̀ há ibẹ̀, kí ó kan omi. Páìpù kan ni a ó máa gbà rọ omi sí ìsàlẹ̀. Bí òwú àtùpà ti ń fa epo sókè, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ inú ife náà yóò máa fa omi lọ bá gbòǹgbò. Yanrìn etí òkun kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí pé hóró rẹ̀ tóbi, omi kì í sì gùn ún jìnnà. Ilẹ̀dú àti fọ́nrán èèpo àgbọn ni kí a lò. Àgbọn kò kúkú wọ́n ní Àgbádárìgì. Kí a kọ́kọ́ fi omi òjò ṣan fọ́nrán náà dáadáa, nítorí iyọ̀ a máa wà lára rẹ̀.

Tòmátì kò fẹ́ kí omi pọ̀ lónìí kí ó sì wọ́n lọ́la. Nígbà tí ìdí èso bá dúdú tí ó sì rà, àwọn kan a kà á sí iṣẹ́ kòkòrò, wọn a sì sáré lọ ra oògùn. Owó wọn ṣòfò. Omi ni ó ń gbé kálísíọ̀mù láti inú ilẹ̀ wọ inú igi; bí ilẹ̀ bá gbẹ, ewé a gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwọ̀nba tí ó wà, èso a sì ṣe aláìní. Bí a bá wá da omi lé e lójijì, awọ èso a bẹ́.

Àwọn mìíràn sì gbà pé bí omi bá ti pọ̀ tó ni èso yóò pọ̀ tó. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Gbòǹgbò ń mí. Bí omi bá bò ó mọ́lẹ̀, yóò rà. Nítorí náà ihò kan gbọ́dọ̀ wà lára korobá ìsàlẹ̀, ní abẹ́ ibi tí ìdí korobá òkè dé, kí omi tí ó bá pọ̀ jù lè ṣàn jáde. Ẹni tí ó bá gbàgbé ihò yìí nínú oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ń rọ̀ tọ̀sán-tòru, ẹ̀fọn ni yóò sìn, kì í ṣe tòmátì.

Kànga tí ó sún mọ́ òkun lè ní iyọ̀ nínú. Nínú ìkòkò yìí omi ń gòkè, oòrùn ń fà á gbẹ, iyọ̀ a sì kù sí ojú ilẹ̀ bí ìyẹ̀fun funfun. Omi òjò ni ó dára jù. Bí ó bá sì jẹ́ ti kànga ni ó wà, kí a máa da omi òjò sí i láti òkè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí iyọ̀ náà lè ṣàn lọ. Kí a sì fi ìdérí bo ẹnu páìpù. Ní ìgbà ọyẹ́, igi tí ó ti ń so a máa mu omi kíákíá, nítorí náà kí a máa fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ wo ìsàlẹ̀ korobá ní àràárọ̀ kí a tó lọ sí ilé-ìwé.