Sítéfánù: Adé Tí A Fi Iṣẹ́ Gbà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Bí a bá ṣí rẹ́jísítà kíláàsì ní ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí, ó ṣọ̀wọ́n kí a má rí Sítéfánù kan níbẹ̀. Òmíràn ń kọ ọ́ ní Stephen, òmíràn ní Steven. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Faransé, Étienne ni; ní Sípéènì, Esteban; ní Hungary, István. Orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn.

Inú èdè Gíríìkì ni ó ti wá. Stephanos ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni adé. Adébáyọ̀ àti Adéwálé lè rò pé ọ̀kan náà ni àwọn àti òun, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Àwọn Gíríìkì ní ọ̀rọ̀ mìíràn, diadema, fún àmì oyè ọba. Ewé ni wọ́n sábà fi ń hun stephanos, ẹni tí ó sáré ìje tí ó borí ni wọ́n sì ń fi dé lórí. A kì í jogún rẹ̀.

Ó yẹ kí èyí yé àwa ọmọ Ìbàdàn dáadáa. Kò sí ìdílé kan tí a yà sọ́tọ̀ fún oyè Olúbàdàn. Láti ipò Mọ́gàjí ni ènìyàn ti ń gun àkàbà oyè tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ lé ní 20. Nígbà tí a dé Ọba Owólabí Ọlákùlẹ́hìn ládé ní Gbọ̀ngàn Màpó ní oṣù Keje ọdún 2024, ó ti lé ní ẹni 80 ọdún.

Ohun tí ó ń dùn wá ni pé àwọn òbí kan ń fẹ́ adé fún ọmọ wọn láìsí eré ìje. Wọ́n ń sanwó ìdánwò níbi tí olùkọ́ yóò ti máa kọ ìdáhùn sójú pátákó. Bí a bá fẹ́ yan olórí akẹ́kọ̀ọ́, wọn a ní, “Ọmọ ta ni?”

Sítéfánù inú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì kò gba ipò ńlá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìpín oúnjẹ àwọn opó ni a yàn án àti àwọn mẹ́fà mìíràn sí. Lẹ́nu iṣẹ́ ni a ti mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ní ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn àjọ̀dún yìí, ẹ jẹ́ kí ẹ̀bùn kọ̀ọ̀kan lọ sọ́wọ́ ẹni tí ó ṣiṣẹ́ fún un, ìbáà ṣe ọmọ aláta Ọjà’ba. Ẹ̀yin Sítéfánù wa, orúkọ yín ti ṣèlérí adé. Ẹ sáré ìje náà.