Mùsíọ́mù Àwọn Ọmọdé Pé Ọgọ́rùn-ún Ọdún: Ẹ Kú Oríire, Ẹ̀yin Ará Indianapolis!

Ẹ lulù, ẹ fọn fèrè, ẹ jẹ́ ká jó! Mùsíọ́mù Àwọn Ọmọdé tó wà ní ìlú Indianapolis, ní ìpínlẹ̀ Indiana l'Amẹ́ríkà, pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 2025. Nínú gbogbo mùsíọ́mù tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí ọmọdé láyé yìí, kò sí èyí tó tóbi tó o. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nínú rẹ̀ lé ní 130,000, àwọn tó sì ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé lọ́dọọdún lé ní mílíọ̀nù kan. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé!

Bí mo ṣe ń kí ilé, bẹ́ẹ̀ ni mo ń kí àwọn tó bá ilé fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Mo ń kí àwọn olùkọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tó ń tọ́jú ọmọdé, àwọn ará àdúgbò, àti ìyá kan tó kó ẹrù yàrá ọmọ rẹ̀ tó ti dolóògbé wá síbẹ̀ kí ọmọ ọlọ́mọ lè rí nǹkan kọ́. Lójú tèmi, àwọn wọ̀nyí gan-an ló ni ayẹyẹ náà. Ẹ yọ wọ́n kúrò nínú ìtàn, bíríkì àti gíláàsì ló kù.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń pawọ́ pọ̀ ṣe é. Mary Stewart Carey lorúkọ obìnrin tó dá mùsíọ́mù náà sílẹ̀, ọmọdé sì ti wà lọ́kàn rẹ̀ kí ó tó dé orí èyí: inú oko ápù tirẹ̀ ni Orchard School ti bẹ̀rẹ̀ ní 1922, ibẹ̀ ni ilé ìwé náà ti rí orúkọ. Ní 1924, ó lọ sí Brooklyn ní New York, ó wo mùsíọ́mù ọmọdé tó wà níbẹ̀. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo àgbáyé, 1899 ni wọ́n ti ṣí i. Ohun tí Ìyá Carey rí níbẹ̀ kò jẹ́ kó gbádùn mọ́. Bó ṣe padà délé ló ń wá àwọn olùkọ́ àti àwọn èèkàn ìlú kiri, tó ń sọ fún wọn pé àwọn ọmọ Indianapolis náà gbọ́dọ̀ ní tiwọn. Wọ́n gbọ́ sí i lẹ́nu. Àwọn ọmọ ilé ìwé fúnra wọn ló kó àwọn nǹkan àkọ́kọ́ wá tí wọ́n tò síbẹ̀. Ẹ wo bó ti dára tó! Àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́ ilé fún ni wọ́n kọ́kọ́ mú nǹkan wá sínú ilé.

Ilé tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin sí ni mùsíọ́mù náà kọ́kọ́ wà. Nígbà tó yá, Ìyá Carey yọ̀ǹda ilé tirẹ̀ gan-an ní òpópónà Meridian. Ilé ńlá tí wọ́n ń lò báyìí, 1976 ni wọ́n ṣí i.

Nínú gbogbo àjọṣe tí mùsíọ́mù yìí ní, ti ilé ìkàwé wà lára àwọn tí mo fẹ́ràn jù. Láti 2000 ni ilé ìkàwé ìjọba ìlú Indianapolis ti ní ẹ̀ka kan nínú mùsíọ́mù náà, InfoZone ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀ka gidi ni o, ìwé tí ọmọ lè yá lọ sílé ló wà níbẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró sábẹ́ egungun dáínásọ̀, tí ẹnu rẹ̀ yà sílẹ̀, tó ń bi ìyá rẹ̀ ní ìbéèrè tí ìyá kò lè dáhùn, yóò rìn díẹ̀, yóò bá ìwé nípa dáínásọ̀ lórí pẹpẹ, yóò gbé e relé. Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ rí mọ̀ pé kí ìbéèrè ọmọdé tó tutù ló yẹ kéèyàn wá ìdáhùn sí i. Àwọn méjì tí wọ́n lè máa bá ara wọn du owó ìlú ni wọ́n gbà láti jọ gbé abẹ́ òrùlé kan náà yìí. Ẹ ṣé é, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé. Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun.

Ibi tí ọkàn mi ti ń dúró pẹ́ jù ni gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 2007, èyí tó dá lórí agbára tí ọmọdé ní láti yí ayé padà. Ìtàn Anne Frank wà níbẹ̀, ọmọbìnrin Júù tó kọ ìwé ìrántí nígbà tó ń sá pamọ́ fún àwọn Nazi, àti ti Ruby Bridges, ọmọ adúláwọ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí àwọn àgbàlagbà ń pariwo lé lórí bó ti ń wọ ilé ìwé àwọn aláwọ̀ funfun ní New Orleans ní 1960. Ní 2021 wọ́n fi ìtàn Malala Yousafzai, ọmọbìnrin Pakistan tó jà fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, kún un. Ẹnì kẹrin, ọmọ Indiana ni: Ryan White.

Àìsàn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá ni wọ́n bí mọ́ Ryan, oògùn tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ṣe, tí wọ́n ń fi tọ́jú rẹ̀, ló sì kó àrùn éèdì ràn án. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí àwọn dókítà rí i lára rẹ̀ ní 1984. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn aláṣẹ ilé ìwé rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀ nítorí àrùn náà, orí tẹlifóònù ló ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ nílé. Nígbà tí òun àti ìyá rẹ̀ kó lọ sí Cicero, ìlú mìíràn ní Indiana, ní 1987, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ti kọ́ nípa àrùn náà ṣáájú, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọjọ́ 8 Oṣù Kẹrin 1990 ló kú ní ilé ìwòsàn ọmọdé Riley ní Indianapolis, ọmọ ọdún méjìdínlógún. Kí ọdún yẹn tó parí, ìjọba Amẹ́ríkà ti ṣòfin ìtọ́jú àwọn tó ní àrùn náà, orúkọ Ryan ni wọ́n fi pe òfin ọ̀hún. Ìyá rẹ̀ fi ẹrù yàrá rẹ̀ ta mùsíọ́mù lọ́rẹ, ibẹ̀ ni yàrá náà wà títí di òní. Ìyá tó ṣe irú èyí, kò sí ìkíni tó tó o.

Ilé ìwòsàn Riley yẹn náà ńkọ́? Ọdún kan péré ló fi ju mùsíọ́mù lọ, 1924 ni wọ́n ṣí i. Ní 2018, wọ́n ṣí pápá ìṣeré ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ mùsíọ́mù, orúkọ Riley ni wọ́n fi pè é. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n, wọ́n ń sáré, àwọn ère Larry Bird àti Tamika Catchings, àwọn gbajúgbajà nínú bọ́ọ̀lù inú agbọ̀n, sì ń wò wọ́n. Àwọn tó ń tọ́jú ọmọ tó ń ṣàìsàn ló tún ń rán ọmọ tí ara rẹ̀ le jáde síta pé kó lọ máa ta pọ́nńpọ́n. Kí ni à bá tún fẹ́?

Wọn kò gbàgbé aládùúgbò. Ètò kan wà tó ń ran àwọn ọmọ agbègbè tó yí mùsíọ́mù ká lọ́wọ́ kí wọ́n lè jẹ àǹfààní owó ìrànwọ́ tí ìpínlẹ̀ Indiana fi ń rán ọmọ aláìní lọ sí yunifásítì. Ìdílé tó ń gba ìrànwọ́ ìjọba, dọ́là díẹ̀ ni wọ́n fi ń wọlé. Láti 1964 sì ni ẹgbẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ti ń ṣe ilé ẹ̀rù ọdọọdún, ibi tí wọ́n ti ń fi eré dẹ́rù ba àwọn ọmọ, láti fi kówó jọ fún iṣẹ́ mùsíọ́mù náà. Àwọn ọmọ ń ké, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, owó ń wọlé!

Reuben Wells, ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin ńlá tí wọ́n kọ́ ní 1868, wà nínú mùsíọ́mù náà. Nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn ló máa ń wà, tí yóò máa ti ọkọ̀ yòókù gun òkè Madison tó ga fíofío. Àwọn tí mo ń kí lónìí jọ ọ́ gan-an.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ Indianapolis, ẹ kú oríire. Ẹ̀yin ará Riley, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ̀yin ará àdúgbò òpópónà Meridian, ẹ kú àmúmọ́ra láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyá Ryan, ẹ kú ọkàn akin, Ọlọ́run yóò máa tù yín nínú. Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ṣì ń sá wọlé níbẹ̀ lónìí, tiyín ni o, ẹ wọlé, ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ béèrè! Ẹ kú ìnáwó, gbogbo ilé. Ọdún á yabo!