Ẹni Tí Wọ́n Ti Bẹ́ Lórí Kò Lè Pẹjọ́

Láti Papalanto dé Abẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ ilé ló ń tu owó Hájì jọ. Ìdí nìyí tí ìdájọ́ ikú tí Saudi Arabia ń dá fún ẹni tó gbé oògùn olóró fi kàn wá. Lóṣù kẹrin ọdún 2019, wọ́n pa obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan ní Mẹ́kà lórí ẹ̀sùn yìí. Lóṣù yẹn kan náà ni wọ́n tú akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan sílẹ̀, lẹ́yìn tó hàn pé àwọn kan ní pápákọ̀ òfurufú Kano ló lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ àpò tramadol tí kì í ṣe tirẹ̀. Ká ní wọ́n ti yára pa á ńkọ́?

Àwọn kan á ní òfin Ọlọ́run ni. Rárá o: Kùránì kò dá ikú fún gbígbé oògùn, ìjọba àti adájọ́ ló yan ìjìyà náà. Apààyàn gan-an, Kùránì fàyè gba ẹbí òkú láti dárí jì í, tàbí kí wọ́n gba owó ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan tún lè ní ìbẹ̀rù ikú ló ń dá ọ̀daràn lẹ́kun. Àwa náà ti dán an wò: ní 1985, ìjọba ológun Buhari yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta nítorí oògùn olóró, lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde lẹ́yìn tí ọwọ́ ti tẹ̀ wọ́n (ìwà ìkà gbáà), síbẹ̀ òwò náà kò dáwọ́ dúró. Kí Saudi fi ẹ̀wọ̀n gígùn rọ́pò ìdájọ́ ikú, kí ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́ lè rí àyè gbèjà ara rẹ̀.