Ẹ Má Ka Ojú Owó Mọ́ Èrè!

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà Ìkàrẹ́, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ l'Ọ́kà! Àwọn ọmọ tó lọ sílé ìwé ti ń gbé ìwé bí èèyàn ṣe ń di olówó wálé, wọ́n á ní kí ìyá àwọn máa ṣe bí ìwé ti wí. Ṣé kí ìyá gbọ́ ni, àbí kó kọtí ikún?

Ọ̀kan tó ti pẹ́ nínú wọn ni The Richest Man in Babylon, tí George Clason, ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lọ́dún 1926. Ohun tó tẹnu mọ́ ni pé nínú náírà mẹ́wàá tó bá wọlé, fi ọ̀kan pamọ́ kó o tó ná ìyókù. Ìmọ̀ràn gidi ni, àmọ́ kì í ṣe tuntun níbí. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tó jáde lọ́dún 1921, ti sọ̀rọ̀ èsúsú. Alájọ ńkọ́? Ẹni tó bá ń dá N500 lójúmọ́, N15,500 ló dá ní ọjọ́ 31. Alájọ á yọ owó ọjọ́ kan, á kó N15,000 fún un.

Ibi tọ́rọ̀ ti díjú rèé. Ẹni tó ń gbowó oṣù, tiẹ̀ ni gbogbo owó tó gbà. Oníṣòwò kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ra àpò ìrẹsì ní N60,000, tó tà á ní N66,000, N6,000 péré ló jèrè, owó ọkọ̀ àti owó alábàárù ṣì wà ńbẹ̀. Bó bá fi N6,600 pamọ́ torí ìwé ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ó ti jẹ ojú owó nìyẹn! Àgbẹ̀ tó sun èbù jẹ, kí ló fẹ́ gbìn lámọ́dún?

Bó bá padà lọ rajà, tí wọ́n ní àpò ti di N68,000 ńkọ́? Èrè tó ń yọ̀ sí ti wọmi, ó tún ku N2,000 kó tó rí àpò kan rà. Látìgbà tíjọba ti yọwọ́ owó ìrànwọ́ epo bẹntiróòlù lọ́dún 2023, tí náírà náà sì já wálẹ̀, báyìí ni ọ̀pọ̀ igbá ṣe ń kéré sí i.

Robert Kiyosaki, tó kọ Rich Dad Poor Dad lọ́dún 1997, ní ohun ìní gidi lohun tó ń mówó wọ àpò ẹni. Òótọ́ ni. Télọ̀ tó ra ẹ̀rọ ìránṣọ kejì sàn ju èyí tó kówó náà lé aṣọ ẹbí. Ṣùgbọ́n ó tún ní gbèsè lè sọni dolówó. Ẹ rọra o! Lọ́dún 2012, Rich Global, ilé iṣẹ́ rẹ̀ kan, lọ sí kóòtù l'Amẹ́ríkà, ó ní òun kò rówó san gbèsè. Ilé iṣẹ́ ló wọ gbèsè, ọ̀gá ṣì jẹ́ olówó. Télọ̀ tó yáwó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù ńkọ́? Wọ́n á ká òun àti onídùúró rẹ̀ mọ́lé ni.

Nítorí náà, bọ́mọ bá gbé ìwé wálé, kó kà á sétí yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó fa ìlà mẹ́ta sínú ìwé àkọsílẹ̀: iye tẹ́ ẹ rajà, iye tẹ́ ẹ tà á, iye tí wọ́n ń tà á fún yín lónìí. Ẹ kọ́kọ́ yọ owó tó máa ra irú ọjà náà padà. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni èrè, òun ni kí alájọ, ọbẹ̀ àti owó ilé ìwé pín.

Ẹni tó bá ní ọgbọ́n tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó fi lẹ́tà ránṣẹ́.