Ọkọ̀ Ń Dún, Èdè Wa Kò Yadi

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé wa kan fẹ́ràn láti máa sọ: pé èdè Yorùbá dára fún oríkì, ẹkún ìyàwó àti àlọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹ̀rọ, kí á yáa gbé e tì. Mo lòdì sí i. N kò sì ní fi oríkì gbèjà èdè wa lónìí. Ìdí ọkọ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ bá wọn jiyàn.

Ẹ jẹ́ kí á lọ sí Nürburgring ní ilẹ̀ Jámánì. Láti ọdún 1927 ni pápá eré ọkọ̀ yìí ti wà. Apá rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Nordschleife gùn tó kìlómítà 20.8, ó ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, kọ́nà rẹ̀ sì lé ní 70. Ní àwọn ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i fún ará ìlú, awakọ̀ lè sanwó kí ó sì fi ọkọ̀ ara rẹ̀ sáré níbẹ̀. Ká ní ẹnì kan ti sáré bẹ́ẹ̀ tán, tí ó ń darí relé, tí ó wá ń gbọ́ ìró àjèjì lábẹ́ ọkọ̀. Kí ni mẹkáníìkì yóò kọ́kọ́ bi í? Kò ní bi í ní orúkọ irin kankan. Yóò bi í pé: báwo ni ó ṣe ń dún, ìgbà wo ni ó sì ń dún?

Yorùbá ti ní ìdáhùn sí ìbéèrè yìí kí ọkọ̀ tó dé ilẹ̀ wa. Bí ó bá ń kùn hùn-ùn bí oyin, tí kíkùn náà ń ga bí eré ṣe ń pọ̀ sí i, béárìn ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni kí á fura sí. Kí awakọ̀ rọra yà sí òsì: ìwúwo ọkọ̀ yóò tẹ̀ sí ọ̀tún, bí kíkùn bá sì le sí i, a jẹ́ pé béárìn ọ̀tún ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ó bá ń ké wíín-wíín nígbà tí a bá tẹ bíréékì, ó ṣeé ṣe kí páàdì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí ó bá wá ń ha kàràkàrà, irin ti ń ha irin nìyẹn. Kí ọkọ̀ má ṣe tún rìn. Bí ó bá dún gbà nínú kòtò, bọ́ọ̀ṣì tàbí ṣọ́ọ̀kì ni. Bí ó bá sì ń gbá pá-pá-pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó lè jẹ́ ègé rọ́bà tí táyà gbígbóná ṣà nílẹ̀ pápá. Ìyẹn yóò re dànù fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó béárìn lọ́wọ́ yín.

Ohùn orí ọ̀rọ̀ ló wá dùn jù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé *róbótó* kéré, *ròbòtò* sì tóbi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìfìrógbóyèyọ ṣe rí nínú ẹ́ńjìnnì. *Kẹ́-kẹ́-kẹ́* fẹ́lẹ́, òkè ẹ́ńjìnnì ni ó sábà máa ń ti wá. *Gbì-gbì-gbì* wúwo, ìsàlẹ̀ ni ó ti ń wá: bí ọkọ̀ bá ń já kọ́nà gígùn pẹ̀lú eré, ọ́ìlì a máa wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, béárìn inú ẹ́ńjìnnì a sì gbẹ. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìró yìí kí ó pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ti ya àtúnṣe kékeré sọ́tọ̀ kúrò lára àdánù ńlá.

Wọn yóò ní àfarawé ìró lásán ni, kì í ṣe ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Kí wá ni àwọn ará Jámánì fi ń sọ tiwọn? *Klappern*, *quietschen* àti *brummen*, àfarawé ìró ni gbogbo wọn. *Knock* tí àwọn mẹkáníìkì wa sọ di *nọ́ọ̀kì* ńkọ́? Ìró ni. Wọn yóò tún ní a yá *béárìn* àti *páàdì*. Òótọ́ ni. Ọwọ́ Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì náà ti yá *chassis* àti *garage*, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé òtòṣì ni Gẹ̀ẹ́sì.

Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe eré. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Nítorí náà, ọmọṣẹ́ tí ó lè gbọ́ ìró ọkọ̀ kí ó sì dárúkọ àìsàn rẹ̀ lè jókòó sí gbọ̀ngàn ìdánwò kí ó gba òdo, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bi í. Etí rẹ̀ kò di, ìwé wa ni kò gba ohun tí ó mọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Ẹ bi wọ́n bí béárìn ṣe ń dún, bí bọ́ọ̀ṣì ṣe ń dún, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ń darúgbó, ìwé atúmọ̀ èdè wa kò sì tíì gba ìdajì ohun tí wọ́n mọ̀.